Kì Í Ṣe Nọ́ńbà Ọkọ̀ Ló Yẹ Ká Bò Mọ́lẹ̀

Bí Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá bá kọjá ní òpópónà Bajulaiye ní Ṣómólú, tàbí Peugeot 504 tí wọ́n tò pọ̀ ní Kàdúná bá yọ láti Pedro bọ̀ sí Bàríga, ojú gbogbo ayé ló ń tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ṣe fẹ́ ẹ: wọ́n ti ha ìpẹtà kúrò lára rẹ̀, wọ́n ti tún un kùn, ó ń dán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, ọ̀pọ̀ wọn á kọ́kọ́ bo nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn kan ní ọgbọ́n ni, nítorí olè. Àwọn mìíràn ní ohun tó ń rìn káàkiri títì lójoojúmọ́ kì í ṣe àṣírí. Lójú tèmi, ibi tí àwọn méjèèjì kọjú sí kọ́ ni ewu wà. Inú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ sí ló wà, àti lọ́wọ́ ẹni tó lè ṣí ìwé náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí nọ́ńbà ń sọ. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SMK, ti ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú ni. KJA jẹ́ ti Ìkẹjà, MUS jẹ́ ti Mushin. Bàríga, tó di ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ ní ọdún 2003, kò ní lẹ́tà tirẹ̀. Kí ètò tuntun tó dé ní 1992, LA ni nọ́ńbà ọkọ̀ Èkó fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ fi ń ṣìkẹ́ irin pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀: ẹ̀rí ọjọ́ orí ni. Nínú gbogbo èyí, kò sí orúkọ, kò sí ojúlé, kò sí nọ́ńbà fóònù. Ẹni tó rí SMK kò tíì mọ ilé ẹnikẹ́ni.

Àkọsílẹ̀ ló ń júwe ilé. Ní ọdún 1989, ọkùnrin kan tó ń lépa òṣèré fíìmù Rebecca Schaeffer ní Amẹ́ríkà sanwó fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni, ẹni yẹn sì rí àdírẹ́sì rẹ̀ gbà láti inú àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì ọkọ̀ ìpínlẹ̀ California. Ọkùnrin náà lọ pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ní 1994, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin láti ti àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pa. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Níbí, ògiri tiwa lanu níbi tí a kì í fojú sí. Ní Ṣómólú, tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀, ìwé kì í wọ́n. Ẹ̀dà pátíkúlà, ìyẹn ìwé ọkọ̀, tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì bá ṣe dúdú jù, ilẹ̀ ni wọ́n ń jù ú sí, ó sì lè di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lára rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní olè lè wo nọ́ńbà nínú fọ́tò, kó tẹ irú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ mìíràn, kí owó ìtanràn látinú kámẹ́rà ojú pópó wá já lé aláìṣẹ̀ lórí. Òótọ́ ni, ẹni tó bá sì bo ti fọ́tò kò ṣẹ̀. Àmọ́ olè náà lè dúró lẹ́bàá títì kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìjàpá aláwọ̀ ojú ọ̀run tí a bo nọ́ńbà rẹ̀ pàápàá, gbogbo àdúgbò ṣì mọ ẹni tó ni ín. Ká wá bò ó lójú títì gan-an, ìyẹn kò bójú mu rárá. Ọ̀pọ̀ èrò ní Èkó ló ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ará ilé kí wọ́n tó wọkọ̀, nítorí ìbẹ̀rù wọ́n-ṣáǹsì, àwọn olè tó ń díbọ́n bí ọlọ́kọ̀ èrò. Ààbò wọn nìyẹn. Àwọn kan á tún ní ọlọ́pàá nílò àkọsílẹ̀ láti mú ọ̀daràn. Wọ́n nílò rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ṣí i fi orúkọ ara rẹ̀ àti ìdí tó fi ṣí i sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ńbà wádìí irú ọkọ̀ àti àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ orúkọ ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ láìsí ìdí tó mọ́gbọ́n dání.

Àwa náà ní òfin. Abala 37 ìwé òfin 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, Ààrẹ Tinubu sì bu ọwọ́ lu òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ká bo nọ́ńbà ká sì fi ìwé sílẹ̀ gbayawu, à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ẹni tó bá wù kó bo nọ́ńbà nínú fọ́tò, kó bò ó. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, kó bèèrè ẹ̀dà tó bàjẹ́, kó sì fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ.