Nọ́ọ̀bù Mẹ́ta Ara Béèsì

Olórí ìsìn ti ní kí gbogbo ìjọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí oníkálukú bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwa tó wà nídìí ohun èlò orin náà sinmi ọwọ́. Ibi tí mo ti ń gbọ́wọ́ kúrò lára béèsì mi ni àtẹ́lẹwọ́ mi ti ra nọ́ọ̀bù kan, tó sì yí i wálẹ̀ díẹ̀. Kíá, "hùùùn" gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan bí ìgbà tí oyin bá tú. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo tó ń ti inú spíkà jáde kì í ṣe tirẹ̀, tèmi ni. Mo sáré yí nọ́ọ̀bù náà padà sókè dópin, ó sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Màmá kan tó jókòó níwájú yíjú wò mí. Mo wolẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní wáyà mi ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Béèsì náà ń ṣe bí ẹni tó kọ́kọ́ ya irú rẹ̀ ṣe fẹ́ kó máa ṣe ni. Tó bá yé yín bí yíyí nọ́ọ̀bù fólúmù wálẹ̀ ṣe lè mú ariwo wá, tí yíyí i sókè sì lé e lọ, ẹ ti mọ ìdajì ohun tí àwọn tó ń ta béèsì olówó ńlá ń gbowó lé lórí.

Àwòkọ gìtá béèsì kan tí wọ́n ń pè ní Jazz Bass ni tèmi. Ojúlówó rẹ̀ jáde ní ilé iṣẹ́ Leo Fender, ní ìlú Fullerton ní Kalifọ́níà, lọ́dún 1960. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Precision Bass, ti wà níta láti 1951. Leo Fender fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta. Títún rédíò ṣe ló ń ṣe jẹun kó tó dẹni tó ń ṣe gìtá, bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi rọrùn láti tú palẹ̀ kí a sì tún un tò. Ó fi gígùn okùn sílẹ̀ bó ṣe wà lára Precision, ínǹṣì 34, ṣùgbọ́n ó fún ọrùn gìtá náà pọ̀ lókè: ibi tí okùn ti ń wọ orí, èyí tó tó ínǹṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tẹ́lẹ̀, di ínǹṣì kan àbọ̀. Ọwọ́ kékeré lè ká a. Ó sì fi pickup méjì sí i níbi tí Precision ti ní ẹyọ kan.

Pickup kò ní etí. Ẹ pariwo sí i títí, kò ní gbọ́ yín dáadáa. Ọ̀pá òòfà kéékèèké mẹ́jọ ló wà nínú ẹyọ kan ti Jazz Bass, méjì méjì lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wé wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí mọ́ wọn yípo ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Okùn béèsì, irin ni. Tí ẹ bá fi ìka ta okùn E, tó nípọn jù, á máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn G, tó tín-ín-rín jù, á gbọ̀n ní ìgbà 98. Bí irin yẹn ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lókè òòfà ni agbára òòfà náà ń mì, mímì yẹn ló sì ń bí iná kékeré sínú wáyà. Iná yẹn ló ń gba okùn wáyà lọ sínú amplifier.

Nítorí náà, ibi tí wọ́n gbé pickup sí ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó bá ti fọwọ́ lu àkúbà rí mọ̀ ọ́n: lu àárín awọ, ohùn á wúwo; lu etí, á mú, á sì kéré. Ọ̀rọ̀ okùn náà nìyẹn. Nítòsí ọrùn, okùn ń lọ jìnnà, ó sì ń bọ̀ jìnnà, ohùn ibẹ̀ sì sanra. Nítòsí ibi tí wọ́n ti so okùn mọ́ ara gìtá, mímì rẹ̀ kò ju bíńtín lọ, ohùn á dà bí ẹni tó ń ti imú sọ̀rọ̀. Jaco Pastorius, gbajúmọ̀ atabéèsì tí Jazz Bass rẹ̀ kò ní irin lọ́rùn, pickup ẹ̀yìn yìí ló fẹ́ràn jù.

Ohùn tí ayé mọ̀ mọ Jazz Bass, ìgbà tí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ló ń jáde. Okùn kan kì í gbọ̀n lódindi nìkan. Bó ṣe ń gbọ̀n lódindi ló tún ń gbọ̀n ní ìdajì ìdajì, ní ìdá mẹ́ta mẹ́ta, ní ìdá mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan wà nínú àwọn mímì kéékèèké yìí tó jẹ́ pé bí okùn ṣe ń gòkè lórí pickup iwájú ni ó ń sọ̀ lórí ti ẹ̀yìn. Tí iná méjèèjì bá wá pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ohùn àárín á wá dín kù, ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè á sì yọ gedegbe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ náà sún pickup ẹ̀yìn sẹ́yìn, láti nǹkan bí ínǹṣì 3.6 sí ti iwájú, ó di ínǹṣì 4. Gbogbo ìyàtọ̀ náà kò ju fífẹ̀ ìka ọmọdìnrín lọ. Síbẹ̀ etí ń gbọ́ ọ. Béèsì ìgbà èkejì yìí ń mú, ó ń tàn, ó dára fún ẹni tó ń fi àtàǹpàkò gbá okùn; ti ìgbà àkọ́kọ́ rọ̀, ó kún. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ta àwòkọ Jazz Bass olówó iyebíye fún yín, tó sì ń ka orúkọ igi sí yín létí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìwọ̀n èwo ló tẹ̀ lé, ti ọdún 60 ni àbí ti 70. Tí kò bá mọ̀, ẹ fa rúlà yọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ oyin wa.

Wáyà bàbà tí wọ́n wé yẹn kò mọ̀ pé okùn nìkan ló yẹ kóun gbọ́. Bí ẹ́ríálì rédíò ló rí. Iná mànàmáná wa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá (ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60 ni), gbogbo wáyà ara ògiri, fáànù àti iná ọ̀pá gígùn ló sì ń fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́. Pickup ń kó o mọ́ orin. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i nínú Jazz Bass: wọ́n kọ òdì ẹnu òòfà pickup kan sí ti èkejì rẹ̀, wọ́n sì tún yí wáyà rẹ̀ sí òdì. Ohùn okùn, tó jẹ́ ọmọ òòfà, á wá yí lẹ́ẹ̀mejì. Òdì lórí òdì, ó padà sí bó ṣe wà, ohùn méjèèjì á pa pọ̀. Ariwo iná kò bá òòfà tan, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí. Ọ̀kan ń tì, ọ̀kan ń fà, ó di òfo.

Ó di òfo, bí agbára méjèèjì bá dọ́gba. Nọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wà lára béèsì náà: fólúmù pickup iwájú, fólúmù pickup ẹ̀yìn, àti èyí tó ń bo ohùn òkè mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìn yẹn, mo yí fólúmù kan wálẹ̀, ìjà náà kò dọ́gba mọ́, oyin sì tú. Béèyàn bá sì fẹ́ ohùn pickup kan ṣoṣo bíi ti Jaco, ariwo náà di àlejò tí kò ní lọ.

Ní New York lọ́dún 1979, Roger Sadowsky ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀, ó ń tún gìtá ṣe fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ pé kó fara mọ́ ariwo iná. Marcus Miller wà lára wọn. Jazz Bass rẹ̀ ti ọdún 1977 ni Sadowsky tú, tó sì fi ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì sínú rẹ̀. Ohùn béèsì yẹn ni Marcus fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣe àwo *Tutu* pẹ̀lú Miles Davis lọ́dún 1986. Nígbà tó yá, Sadowsky bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe béèsì tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ní ìrísí Jazz Bass, pẹ̀lú pickup tó ń pa ariwo fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní New York lè ju 5,000 dọ́là lọ. Láti 2020 ni ilé iṣẹ́ Warwick ti ń ṣe àbúrò rẹ̀ ní Jámánì, tí owó rẹ̀ wálẹ̀ sí i.

Báwo ni pickup kan ṣoṣo ṣe ń pa ariwo fúnra rẹ̀? Nínú àpótí kan náà ni wọ́n kó wáyà méjì sí, wọ́n tò wọ́n léra wọn lórí tàbí kí wọ́n pín wọn sí okùn méjì méjì. Ìjà òdì yẹn wá ń parí sínú ilé kí ó tó dé nọ́ọ̀bù. Ẹ lè yí fólúmù bó ṣe wù yín. Àwọn àgbà onígìtá kan ń ráhùn pé irú pickup yìí ń gé ṣóńṣó ohùn jù, wọn ò sì parọ́ pátápátá. Wáyà tí a tò léra kì í gbọ́ okùn bí èyí tó dá wà. Èmi tí mo ń ta béèsì lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ kò ní bá wọn jiyàn. Ẹ fún mi ní èyí tó dákẹ́.

Ẹ̀rọ bátìrì yẹn, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ti Sadowsky kì í dín nǹkan kù, ó kàn ń fi ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè kún un ni. Ó sì ń fún iná pickup lágbára, kí wáyà gígùn má baà jẹ ohùn òkè rẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ máa rántí pé ihò tí ẹ ń ki wáyà bọ̀ ni ṣúwíìṣì bátìrì náà. Bí wáyà bá ti wà nínú rẹ̀, bátìrì ń ṣiṣẹ́, béèyàn ń ta gìtá tàbí ó ń sùn. Mo fi wáyà sílẹ̀ lára béèsì tí mo yá lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ní àárín ìyìn ọjọ́ kejì, ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ọ̀fun ẹlẹ́sìn tó wàásù láìmumi, lẹ́yìn náà ó kú. Béèsì náà kò ní ṣúwíìṣì tí a lè fi yẹ bátìrì sílẹ̀. Látìgbà náà, n kì í wo béèsì tí kò bá ní in lẹ́ẹ̀mejì.

Níbi ọrùn ni owó ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ojú kì í rí. Okùn mẹ́rin fà á síwájú tọ̀sántòru. Ọ̀pá irin kan tó wà nínú igi náà ló ń fà á padà. Tí ọyẹ́ bá dé, igi á gbẹ, ọrùn á yí. Tí òjò bá dé, á mu omi, á tún yí sí ibòmíràn. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe á yan igi tó ti gbẹ pẹ́, á sì fi ọ̀pá graphite méjì tì í lẹ́yìn. Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ fi ìka kan tẹ okùn E mọ́ irin àkọ́kọ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tó kẹ́yìn, kí ẹ wá wo abẹ́ okùn náà ní àárín. Àyè tó wà níbẹ̀ kò yẹ kó ju nínípọn káàdì ìpè ìyàwó lọ.

Àrùn kan tún wà tó ń bá ìdílé yìí jà. Lórí okùn G, níbi irin karùn-ún sí ìkeje, ohùn kan lè wà tó ń kú kíákíá ju àwọn tó kù lọ. Ọrùn náà ní ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ̀n. Tí ohùn okùn bá ṣe kòńgẹ́ ìwọ̀n náà, ọrùn á gba agbára rẹ̀ jẹ. Béèsì olówó ńlá kan kò kọjá irú èyí, nítorí náà ẹ má fi etí ṣe ojú ayé. Ẹ yọ wáyà kúrò, ẹ ta irin kọ̀ọ̀kan lórí okùn G, kí ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta títí ohùn á fi parẹ́. Ti ìyókù lè dé mẹ́jọ kí ti ọ̀kan má kọjá mẹ́ta. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tà á, ẹ béèrè èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ògiri.

Ní ti igi tó ní ìlà bí awọ ẹkùn lójú gìtá, mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú, ṣùgbọ́n owó fọ́tò ni ẹ ń san níbẹ̀. Ìwúwo ni kí ẹ yẹ̀ wò. Béèsì tó bá wọn ju kílò mẹ́rin ààbọ̀ lọ, tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ èjìká nínú ìsìn alẹ́ àṣemọ́jú, ẹ̀yìn yín ló máa san ìyókù owó rẹ̀.

Ìdánwò ìkẹyìn tí mo máa ń ṣe, àwọn tó ń tajà kì í fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n tan iná ọ̀pá gígùn àti fáànù ilé ìtajà, kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Màá gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn, màá yí fólúmù kan wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, màá sì tẹ́tí.