Kò yẹ, kò bá a mu, kò rọrùn: bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pín wọn

Nínú àkótán iṣẹ́ ìwádìí mi lórí ìkíni ní Kétu, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ó jẹ́ “inconvenient” kí ọmọ pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá mi ka iṣẹ́ náà kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: ta ni ìyẹn ń ni lára? Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n kà ni pé ó kàn ń yọni lẹ́nu díẹ̀, bí ìgbà tí ọjà bá jìnnà sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ọ̀wọ̀ di ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn.

Faransé ni mo fi kàwé láti kékeré. “Inconvenant” ló wà lọ́kàn mi tí mo fi kọ “inconvenient”.

1. Ibi tí ọ̀nà ti yà

Inú “convenire” ti èdè Látìnì, tó túmọ̀ sí “wá pọ̀, bá ara mu”, ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Láàárín ọdún 1400 sí 1500, “inconvenient” ṣì lè túmọ̀ sí ohun tí kò yẹ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ yẹn ti kú. Ìnira nìkan ló kù. Ní ti Faransé, “inconvenant” ló gbé ọ̀rọ̀ ìwà, “inconvénient” sì gbé ọ̀rọ̀ ìṣòro.

“Incongru” náà ń tan wá jẹ. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ “incongru” lè jẹ́ àrífín. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “incongruous” kò sábà dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: nǹkan méjì ni kò bá ara mu, bí àga rọ́bà láàárín ohun ọ̀ṣọ́ ààfin àtijọ́. Bákan náà, “inepte” ń bú òmùgọ̀ ní Faransé, “inept” sì ń tọ́ka sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi tí kò ti bá a mu, “inapt” ni.

2. Ohun tí Yorùbá fi ràn mí lọ́wọ́

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ìṣe tiwa. Aṣọ máa ń *yẹ* ènìyàn, ìwà náà sì máa ń *yẹ* ènìyàn. Ọ̀nà yìí gan-an ni “unbecoming” gbà: Gẹ̀ẹ́sì ń lo “become” fún aṣọ tó yẹni, òfin ológun sì ń lo “conduct unbecoming” fún ìwà tí kò yẹ ọ̀gá ológun. Ohun tí kò *bójú mu* ń wo ojú àwùjọ. “Unseemly” súnmọ́ ọn, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni òun àti “seem”, ọ̀rọ̀ ìrísí.

Bàtà tí kò *bá* ẹsẹ̀ *mu* kò ṣẹ̀. “Unsuitable” nìyẹn: yàrá tí ariwo pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ “unsuitable” fún gbígba ohùn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tí kò sí *ní àyè rẹ̀* jẹ́ “out of place”.

“Inappropriate” ló gbòòrò jù, òun náà ló sì léwu jù. Aṣọ aláràbarà níbi ìsìnkú, “inappropriate” ni. Olùkọ́ tó fi ipò rẹ̀ fìtínà akẹ́kọ̀ọ́, “inappropriate” náà ni wọ́n máa ń pè é. Ẹni tó bá fi túmọ̀ *èèwọ̀* ti bu omi la ọ̀rọ̀ náà.

3. Orúkọ àṣìṣe mi

Ní ọdún 1775, Richard Brinsley Sheridan fi Mrs Malaprop sínú eré rẹ̀, The Rivals. Inú “mal à propos” ti Faransé ni orúkọ náà ti wá. Obìnrin yìí máa ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò èyí tí ìró wọn jọra. Orúkọ rẹ̀ ló bí “malapropism”. Ohun tó ṣe ni èmi náà ṣe, àmọ́ àárín èdè méjì ni tèmi ti ṣẹlẹ̀.

Mo fi “improper” rọ́pò ọ̀rọ̀ náà. Ní báyìí, kí n tó yan ọ̀rọ̀, mo máa ń bi ara mi léèrè: ṣé ìrọ̀rùn ni ohun náà bà jẹ́, ṣé ìbáramu ni, àbí iyì ènìyàn? Tí ó bá jẹ́ iyì, mo mọ̀ pé “inconvenient” kò ní àyè níbẹ̀.