Ìwé-Ẹ̀rí Alágbàtọ́: Gbèsè Ni Lọ́rùn Ọ̀gá

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, kò sí ẹni tí ó gba alágbàtọ́ sílé tí kì í bèèrè pé, “Ilé ta ni o ti ṣiṣẹ́ rí? Ìwé wo ni wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́?” Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ọmọ kì í ṣe ẹrù tí a ń fi lé àlejò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kàn wá láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí ọwọ́ wa fi ń wúwo?

Ọmọbìnrin kan tọ̀ mí wá pẹ̀lú omijé. Ọdún mẹ́rin ni ó fi tọ́jú ọmọ méjì nínú ilé kan. Nígbà tí ó rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ sàn jù, ó sọ fún ìyá ilé ní oṣù kan ṣáájú. Ìyá náà sì bínú, ó ní òun kò ní kọ ohunkóhun fún un.

Mo bá a lọ síbẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ohun kan sọnù nílé yín rí?”

Ó ní, “Rárá, Bàbá.”

“Ǹjẹ́ ó fi ìyà jẹ àwọn ọmọ?”

“Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí àbúrò ṣì ń sunkún pè é.”

“Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?”

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Ó fi mí sílẹ̀ nígbà tí n kò tí ì rí ẹlòmíràn.”

Mo wí pé, “Ẹ kọ èyí tí ẹ ti sọ fún mi yìí nìkan.” Ó mú kálàmù, ó kọ ìlà mẹ́fà. Ìlà mẹ́fà náà ni ọmọbìnrin náà fi rí iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì nítorí Ónẹ́símù, ìwé-ẹ̀rí ni: kò fi àṣìṣe àtijọ́ pamọ́, kò sì fi í ba ọjọ́ iwájú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má sì ṣe purọ́ láti ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1792 bu ìtanràn £20 lé ẹni tí ó bá jẹ́rìí èké nípa ìwà ọmọ-ọ̀dọ̀. Ọdún 2008 ni a tó pa òfin náà rẹ́. Ní 1994, ilé-ẹjọ́ wọn tí ó ga jù nígbà náà dájọ́ pé ọ̀gá tí ó ń kọ ìwé-ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, kí àìbìkítà rẹ̀ má ba ti òṣìṣẹ́ jẹ́.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ó dé àti ọjọ́ tí ó lọ, iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ tí ó ṣe, àti ohun tí ó mú un lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, èyí tí ojú yín rí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò.

Ìwọ alágbàtọ́, má ṣe sá lọ lóru. Bèèrè ìwé rẹ kí ọjọ́ àtilọ tó pé, kí o sì pa ojúlówó rẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọbìnrin tiwa náà ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé àti ní òkè òkun. Bí a ti ń fẹ́ kí ọ̀gá wọn kọ̀wé nípa wọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a kọ ti ọmọ ẹlòmíràn.