Bí Ọta Ìbọn Ṣe Falẹ̀ Nínú The Matrix

Ẹni tó bá wo fíìmù The Matrix nígbà tó jáde lọ́dún 1999 kò ní tíì gbàgbé Neo, akọni inú rẹ̀, lórí òrùlé ilé gogoro yẹn. Ìbọn dún, Neo tẹ̀ sẹ́yìn títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ọta sì ń rọra kọjá lókè àyà rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń ru lẹ́yìn wọn bí omi tí wọ́n ju òkúta sí. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń falẹ̀ tó yìí, ńṣe ni ojú òǹwòran ń yí òṣèré náà po. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kọ̀ǹpútà ló dá a ṣe látòkèdélẹ̀. Àmọ́ fọ́tò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe sinimá ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ohun tó yára falẹ̀. Àwòrán 24 ni sinimá ń fi hàn wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá ya ọgọ́rùn-ún mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n hàn wá ní 24, 24, ohun tó ṣẹlẹ̀ wéré á di ohun tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń dí ni pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wúwo. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé e yí èèyàn po kí èèyàn ọ̀hún tó ṣẹ́jú. Ohun tí àwọn Wachowski, ọmọ ìyá méjì tó kọ eré náà tí wọ́n sì darí rẹ̀, sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn: kí ayé falẹ̀, kí kámẹ́rà máa fò. John Gaeta ti Manex, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àrà àwòrán fún sinimá, ni iṣẹ́ náà já lé léjìká.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1878. Nígbà náà, ní Palo Alto ní Kalifọ́níà, olówó kan tó ń jẹ́ Leland Stanford fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin máa ń kúrò nílẹ̀ bó bá ń sáré. Eadweard Muybridge, ayàwòrán tí wọ́n bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, to kámẹ́rà 12 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì ta okùn tín-ín-rín kọjá níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹṣin ṣe ń já okùn ni kámẹ́rà ń yà á, lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò wá jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń wà lókè. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Tim Macmillan tẹ èrò yìí síwájú ní Bìrìtéènì: ó jẹ́ kí gbogbo ojú kámẹ́rà tó tò yàwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí wọ́n yà dúró gbagidi, òǹwòran ló ń rìn yí i po.

Bíi kámẹ́rà fọ́tò 120 ni Gaeta àti àwọn èèyàn rẹ̀ tò. Wọ́n kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà fa ipa ọ̀nà tí ojú òǹwòran máa gbà, wọ́n wá fi iná lésà darí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan sójú ipa náà. Ògiri aláwọ̀ ewé ló yí wọn ká, ihò tí wọ́n dá sí i lara ni kámẹ́rà ń gbà yọjú. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ìgbà tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan máa ṣẹ́jú. Bí gbogbo wọn bá ṣẹ́jú pa pọ̀, òṣèré á dúró bí ère. Bí àyè tín-ín-rín bá wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, ara rẹ̀ á máa rọra yí. Fọ́tò kan, àwòrán kan nínú fíìmù. Níbi tí àwòrán kò bá ti tó, kọ̀ǹpútà á hun èyí tó kù láti ara méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ra.

Wọ́n wá pa àwọ̀ ewé rẹ́, wọ́n sì fi fọ́tò ilé gidi kọ́ ìlú sẹ́yìn Neo. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Paul Debevec, ti fi irú iṣẹ́ yẹn hàn lọ́dún 1997 nínú fíìmù kúkurú kan nípa ilé ìṣọ́ Yunifásítì Berkeley, George Borshukov tó bá a ṣe é sì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ Manex. Ọta ìbọn ní tirẹ̀ kò ní ara kankan, kọ̀ǹpútà ló dá a.

Àmọ́ ara Keanu Reeves, òṣèré tó ṣe Neo, wà níbẹ̀. Okùn wáyà ló gbé e dúró, Yuen Woo-ping, ọ̀gá ìjà sinimá láti Hong Kong, sì ti fi oṣù mẹ́rin kọ́ àwọn òṣèré náà níjà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2000, iṣẹ́ náà gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar, ẹgbàágbèje fíìmù àti géèmù sì ṣe àfarawé rẹ̀.

Nígbà tí apá kejì jáde lọ́dún 2003, Neo bá ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Smith, ọ̀tá rẹ̀, jà lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí ìjà ti gbóná jù, kọ̀ǹpútà ló dá ara wọn, ló dá aṣọ wọn. Kò síbi tí kámẹ́rà kò lè dé mọ́, torí kámẹ́rà gan-an kò sí mọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹwòran ló sọ pé géèmù ni àwọn ń wò. Ojú wa mọ bí ẹran ara ṣe ń wúwo tó bá ṣubú, ó sì tètè ń fura.

Fún Mad Max: Fury Road, tó jáde lọ́dún 2015, ọ̀nà míì ni George Miller tó darí rẹ̀ gbà: ó kó ọkọ̀ gidi lọ sí aṣálẹ̀ Nàmíbíà, ó jẹ́ kí àwọn eléré máa jà lórí wọn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà pa okùn rẹ́, tó yí àwọ̀ sánmà padà, tó lẹ àwòrán mọ́ àwòrán. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ ẹ̀yìn àwọn tó fò ló tò sí.