Yíyan Fláàṣì Agbékiri fún Fọ́tò Ìgbéyàwó

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ń pe ayàwòrán sí, kò sí èyí tí ó le tó ti ìgbéyàwó. Ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà lè jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé àti igi kì í sá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ bá fi òrùka bọ ìyàwó lọ́wọ́, ìgbà kan ṣoṣo ni. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá sí lójú wọn ní àkókò náà, kò sí ẹni tí yóò bẹ àlùfáà pé kí ó dá ìsìn padà sẹ́yìn. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa iná ìyàwòrán tí à ń pè ní fláàṣì, irú èyí tí ènìyàn lè gbé láti ilé ìyàwó dé ṣọ́ọ̀ṣì, àti láti ṣọ́ọ̀ṣì dé gbọ̀ngàn àsè, láìbéèrè ibi tí okùn iná mànàmáná wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ náà ni a ń bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì, ṣùgbọ́n a ń bá ẹ̀yin òbí tí ń san owó rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún.

Iná yìí kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1887 ni Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke, ní ilẹ̀ Jámánì, po ẹ̀tù magnesium tí ń bù yẹ̀rì bí a bá ti fi iná sí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ a máa kún inú yàrá, ó sì ti jó ayàwòrán púpọ̀ lọ́wọ́. Ní 1929, ní Jámánì kan náà, gílóòbù fláàṣì dé ọjà, tí ohun tí ń jó wà nínú dígí. Kò sí èéfín mọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1931 ni Harold Edgerton, ti ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ti ń fi iná mànàmáná ṣe irú fláàṣì tí kì í jó tán, tí a lè lò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irú rẹ̀ ni ti òde òní.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé àmù omi. Bátìrì ń pọn iná díẹ̀díẹ̀ sínú ohun èlò kan tí í ṣe bí àmù, títí iná inú rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 300 volt. Nígbà tí a bá tẹ kámẹ́rà, ohun tí ó wà nínú àmù a tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà gba inú ọ̀pá dígí kan tí afẹ́fẹ́ xenon wà nínú rẹ̀, ní àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà bátìrì a tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọn. Ẹni tí ó bá ti lóye àmù yìí ti lóye ìdajì ohun tí a fẹ́ sọ.

Ní ọjà, nọ́ńbà ńlá tí a kọ sára páálí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fi ń yan fláàṣì. Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀. Bí a bá fi nọ́ńbà ihò lẹ́ǹsì pín in, ohun tí a ó rí ni iye mítà tí ìmọ́lẹ̀ náà lè dé dáradára nígbà tí kámẹ́rà bá wà ní ISO 100. Fláàṣì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 40 yóò dé mítà 10 bí a bá lo f/4. Bí a bá lo f/8, mítà 5 ni yóò mọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe é fẹ́ràn láti wọn nọ́ńbà yìí nígbà tí orí fláàṣì bá kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan bí tọ́ọ̀ṣì ọdẹ. Bí a bá tẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà kí ó lè kárí ẹbí méjì tí ó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nọ́ńbà náà a wálẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà páálí méjì tí a kọ 60 sí lára lè má dọ́gba rárá. Àwa kò sọ pé kí a má wo nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀. Èkíní: yóò ti pẹ́ tó kí àmù rẹ̀ tó tún kún? Èkejì: ǹjẹ́ ó lè ṣiṣẹ́ níbi tí kì í ṣe orí kámẹ́rà?

A ó pẹ́ díẹ̀ lórí ìbéèrè kìn-ín-ní, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọ́tò ìgbéyàwó ti ń ṣègbé. Fláàṣì tí ń lo bátìrì kékeré mẹ́rin, irú èyí tí a ń fi sí aago ògiri, bí a bá tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde, yóò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ó tó tún ṣetán. Bí bátìrì bá sì ti ń rẹ̀, ó lè di mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka ení, èjì dé ẹẹ́fà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì rò ó wò. Ọkọ ti ká ìbòjú kúrò lójú ìyàwó, wọ́n ti dì mọ́ ara wọn, ìjọ ti pàtẹ́wọ́, ayàwòrán ṣì ń wo iná kékeré tí ó wà lẹ́yìn fláàṣì rẹ̀, bóyá yóò tàn. Fláàṣì tí ó ní bátìrì lithium tirẹ̀ a máa ṣetán láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ sí méjì, a sì lè tàn án ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kí bátìrì rẹ̀ tó tán. Owó rẹ̀ ju ti èkíní lọ, òótọ́ ni. Ní tiwa, ibí ni a ó kọ́kọ́ fi owó lé kí a tó fi lé agbára.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí a bá gbé kámẹ́rà láti ISO 400 lọ sí ISO 1600, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára fláàṣì ni yóò tó fún fọ́tò kan náà. Àmù tí a bu ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kì í pẹ́ kún. Ó sì dín ooru kù pẹ̀lú, nítorí fláàṣì tí a bá ń tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde lemọ́lemọ́ a máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi fúnra rẹ̀ dákẹ́ láti sinmi. Ìgbà tí ó sì máa ń yàn láti sinmi ni ìgbà tí ìyá ìyàwó bá bọ́ sí agbo ijó.

Nísisìyí ní ti ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá. Fláàṣì tí a gbé ka orí kámẹ́rà, tí ó kọjú sí ènìyàn gan-an, a sọ ojú di pẹlẹbẹ bí àwo, a mú òógùn iwájú orí dán, a sì ya òjìji dúdú sí ògiri lẹ́yìn. Nítorí náà, fláàṣì tí orí rẹ̀ kò lè yí sókè àti sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a má rà á fún iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ó pọ̀ ní ọ̀pọ̀. Bí àjà ilé ìyàwó bá funfun, tí kò sì ga ju mítà mẹ́ta lọ, a kọ orí fláàṣì sí i, ìmọ́lẹ̀ a sì rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí ó bá gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́, àjà ga, pákó ni a sì fi ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ tí a bá rán sókè níbẹ̀, bí kò bá sọnù, a mú àwọ̀ igi bọ̀, a sì fi kun ojú àti aṣọ ìyàwó. Níbẹ̀ ó sàn kí a lo lẹ́ǹsì tí ihò rẹ̀ ń là gbòòrò, kí a sì gbé fláàṣì kan dúró lẹ́yìn òpó. Àwọn àlùfáà mìíràn kò fẹ́ kí a tan fláàṣì rárá nígbà ẹ̀jẹ́. Kí a béèrè ṣáájú ọjọ́ náà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rọ, ọ̀ràn ìwà ni.

Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé ìmọ́lẹ̀ a máa tètè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí ó dé ara ẹni tí ó wà ní mítà mẹ́rin jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ó dé ara ẹni tí ó wà ní mítà méjì; ní mítà mẹ́fà, ó di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Èyí ni ó fi jẹ́ pé nínú fọ́tò ẹbí, àwọn ọmọdé iwájú a funfun bí ẹfun, tí àwọn àgbà tí ó dúró lẹ́yìn a sì wọ òkùnkùn. Bí a bá sún ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn kí ìlà iwájú lè wà ní mítà mẹ́fà, tí ìlà ẹ̀yìn sì wà ní mẹ́jọ, ìyàtọ̀ wọn kì yóò tó ìlọ́po méjì. Sísún un sẹ́yìn ń jẹ agbára o. Ibẹ̀ ni agbára ti wúlò.

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn ìwé òkèèrè kì í sọ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Fláàṣì púpọ̀ ń fúnra wọn wọn ìmọ́lẹ̀: wọn a kọ́kọ́ tàn díẹ̀, kámẹ́rà a wo ohun tí ó padà, a sì pinnu iye tí yóò jáde. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà gbà pé ohun gbogbo tí òun ń wò kò funfun, kò sì dúdú, bí eérú. Bí aṣọ funfun ìyàwó bá kún inú àwòrán, kámẹ́rà a rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, a dín in kù, aṣọ a sì di eérú, ojú arẹwà a ṣú bí èédú. Bí kóòtù dúdú ọkọ ìyàwó bá kún inú rẹ̀, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀: gbogbo iṣẹ́ ọnà ara léèsì a parẹ́. Nítorí náà kí a ra fláàṣì tí a lè fi ọwọ́ ara wa yan agbára rẹ̀, láti odindi sí ìdajì, sí ìdá mẹ́rin, títí lọ sísàlẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ṣe é kà nínú òkùnkùn. Awọ ara dúdú kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ó le, ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ̀ ni ó ń fẹ́. Agboòrùn funfun kan tí ó fẹ̀ tó mítà kan, tí a ń tan fláàṣì gbà kọjá, a fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní dídán pẹ̀lẹ́; nínú gbogbo ohun tí a ń rà mọ́ fláàṣì, a kò mọ èyí tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí a má sì gbé e ga jù. Gèlè tí a wé tí ó yọ síwájú yóò da òjìji bo ojú ẹni tí ó wé e, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti òkè wá. Kí ó ga ju ojú lọ díẹ̀, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì yóò tàn padà nínú awò ojú bàbá ọkọ.

Ní ìta gbangba, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọ̀sán tí oòrùn mú, ní ISO 100, a ní láti lo nǹkan bí f/11 bí àkókò tí kámẹ́rà fi là bá jẹ́ ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò sì lè bá fláàṣì ṣiṣẹ́ pọ̀ dáradára bí ó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fláàṣì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 40 kò lè dé mítà mẹ́rin níbẹ̀, a kò sì tíì fi agboòrùn sí i. Àwọn fláàṣì kan ní ọ̀nà láti bá kámẹ́rà tí ó yára jù bẹ́ẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ń jẹ púpọ̀ nínú agbára wọn. Níhìn-ín ni fláàṣì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 200 joule ti wúlò, nígbà tí ti orí kámẹ́rà kì í sábà ju nǹkan bí 75 lọ. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀, kí ó kó ẹbí lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Nínú gbọ̀ngàn àsè, àjà lè ga tàbí kí a ti fi aṣọ aláwọ̀ bò ó, iná oríṣiríṣi a sì máa yí kiri lára àwọn oníjó. Fláàṣì méjì lórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ní igun kan, èkejì ní igun tí ó kọjú sí i, yóò ṣe ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi orí kámẹ́rà ṣe lọ. Kí a so àpò iyanrìn tàbí kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá náà, nítorí àwọn ọmọdé tí ń ṣa owó ilẹ̀ kì í wòkè. Ohun tí yóò máa pàṣẹ fún wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti rédíò. Irú kan wà tí ń tàn nígbà tí ojú rẹ̀ bá rí fláàṣì mìíràn. Ó dára nínú yàrá ìyàwòrán, ṣùgbọ́n ní ìgbéyàwó, gbogbo àlejò tí ó bá mú kámẹ́rà wá ni yóò máa tàn án, àmù yóò sì ti gbẹ nígbà tí oní nǹkan bá fẹ́ lò ó.

Bí owó kò bá tó, báyìí ni a ó ṣe tẹ̀lé e: fláàṣì kékeré kan tí ó ní bátìrì lithium àti rédíò nínú, lẹ́yìn náà bátìrì rẹ̀ kejì, lẹ́yìn náà rédíò tí a ń fi sórí kámẹ́rà, ọ̀pá, àti agboòrùn, lẹ́yìn náà fláàṣì kejì, tí bátìrì rẹ̀ bá ti èkíní mu. Alágbára ni kí ó kẹ́yìn. Kí a ṣọ́ra fún fláàṣì àlòkù ti ayé ìgbà fíìmù: òmíràn nínú wọn ń rán ohun tí ó ju 200 volt lọ padà sínú kámẹ́rà, èyí tí ó lè ba kámẹ́rà òde òní jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì tú ikùn fláàṣì wò, bí a tilẹ̀ ti yọ bátìrì rẹ̀, nítorí àmù náà lè ṣì kún.

Ẹni tí a bá sì pè sí ìgbéyàwó ní Àbújá tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó mọ̀ pé bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí a ń kó sí ikùn ọkọ̀ òfuurufú. Inú àpò ọwọ́ ni ààyè rẹ̀. Èyí tí kò ju 100 watt-wákàtí lọ kò ní wàhálà, ti fláàṣì kékeré kò sì tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Láti 100 sí 160, kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn oní-ọkọ̀. Kí a fi téèpù bo ẹnu irin bátìrì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà kan ara wọn nínú àpò.