Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kọ̀, kò tàn mọ́: Ẹ má tíì gbé e fún ọlọ́mọlanke o!

Ẹni tó bá wọ pálọ̀ àwọn èèyàn kan l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, yóò rí i ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn àga. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó, eruku sì ti bo aṣọ náà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, irú èyí tó ní àpótí ńlá lọ́tọ̀, tí mọ́nítọ̀ ẹ̀ náà sì wà lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n rà á, gbogbo ará ilé ló yí i ká. Inú ẹ̀ ni wọ́n kó fọ́tò ìgbéyàwó sí, inú ẹ̀ ni bàbá tẹ àdéhùn ilẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ìyá kọ orúkọ àwọn tó ń dá àjọ sí. Àfi lọ́jọ́ tí wọ́n wá nílò ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà dákẹ́ lọ gbári.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ò ṣòroó mọ̀. Ẹnì kan á ní ó ti kú, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n gbé e jù nù. Bí ọlọ́mọlanke tó ń ra irin bá ti ké kọjá lójúde báyìí, wọ́n á gbé e fún un, wọ́n á sì gba owó tí ò tó ra ọbẹ̀. Họ́wù! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ta ilé tòun tẹrù inú ẹ̀ nìyẹn? Kí kọ̀ǹpútà má tàn yàtọ̀ sí pé ó ti kú. Bó bá sì tiẹ̀ kú lóòótọ́, ẹrù inú ẹ̀ lè má bá a kú.

INÁ NI KẸ́ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣẹ̀. Ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì lè ti jó, sitabiláísà tí wọ́n fi ń gba iná NEPA sì lè ti bàjẹ́. Lọ́dún 2005 ni wọ́n ti pa orúkọ NEPA dà, àmọ́ ta ló fẹ́ gbà á lẹ́nu wa? Kẹ́ ẹ tó mú sukudiráfà, ẹ ki ṣájà fóònù bọ inú ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì yẹn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá iná wà ńbẹ̀. Bó bá wà, ẹ wo wáyà tó wọ ẹ̀yìn àpótí, ó lè ti yọ díẹ̀. Ẹ tún wá òmíràn tó jọ ọ́, kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àpótí náà, tí wọ́n kọ I àti O sí lára. I ni kó wà. Bó bá wà lórí O, ẹnì kan ti pa á nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ọmọ tó ń gbálẹ̀ ni ọwọ́ ẹ̀ kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ o. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volts, tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ power supply àtijọ́, ìyẹn ibi tí wáyà iná ń wọ̀, bọ́tìnnì pupa kan wà tí wọ́n kọ 115 sí apá kan ẹ̀, tí wọ́n kọ 230 sí apá kejì. Bó bá wà lórí 115, tí wọ́n wá ki í bọ iná tiwa, gbàà ló máa dún, èéfín á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ̀yìn àpótí ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wá iná kàn.

FÁÀNÙ Ń YÍ, OJÚ Ẹ̀ ṢÓKÙNKÙN

Bí iná bá wà ní ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì, tí wáyà dáa, síbẹ̀ tí fáànù inú àpótí ò yí rárá, power supply ló kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ fura sí. Ohun tó ṣeé rà, tó sì ṣeé pààrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí fáànù bá ń yí tí mọ́nítọ̀ ò gbé nǹkan kan jáde, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ wo mọ́nítọ̀ yẹn ná, ṣé iná kékeré ara ẹ̀ ń tàn? Ṣé wáyà ẹ̀ wọlé dáadáa?

Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ IBM ti gbé PC wọn jáde lọ́dún 1981 ni irú kọ̀ǹpútà yìí ti máa ń yẹ ara ẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí àgbàlagbà tó jí láàárọ̀, tó ń na apá, tó ń na ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bó bá dún "píì" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àlàáfíà ni. Bó bá ń dún léraléra, ẹjọ́ ló ń rò yẹn.

RAM wà lára ohun tó sábà máa ń fa ẹjọ́ náà. Òun ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró lóòró lórí motherboard. Eruku ọyẹ́ lè ti kó sí i lẹ́nu. Ẹ yọ wáyà iná kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí iná tó ṣẹ́ kù lè jáde. Ẹ tú àpótí, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan irin ara ẹ̀, nítorí iná tó wà lára èèyàn gan-an lè ba nǹkan jẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ gbá eruku. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ RAM, kẹ́ ẹ fi írésà àwọn ọmọ iléèwé nu ẹnu ẹ̀ tó ń dán bíi góòlù, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ padà títí tó fi máa wọlé ṣinṣin. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán an wò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà léni lẹ́pọ̀n, kò sí pé à ń fi agbára tì í.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú power supply fúnra ẹ̀ o. Kódà bẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà, iná ṣì lè wà nínú ẹ̀ tó lè pa èèyàn. Mọ́nítọ̀ ayé àtijọ́ tó níkùn lẹ́yìn náà ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

BÁTÌRÌ ÀTI ÀWỌN AGOLO TÓ WÚ

Bí kọ̀ǹpútà bá ti wà ní kọ̀rọ̀ fún ọdún púpọ̀, bátìrì pẹlẹbẹ bí owó kóbò tó wà lórí motherboard á ti kú. CR2032 ni wọ́n ń pè é lára ọ̀pọ̀ wọn, volts 3 ni. Òun ló ń rántí ọjọ́ àti aago. Bó bá ti kú, kọ̀ǹpútà lè dúró sójú kan, kó ní kí wọ́n tẹ F1. Kì í ṣe ikú rárá, bátìrì tuntun ló ń bèèrè. Bó bá sì kọ "Non-System disk", ẹ wo ibi tí wọ́n ń ki floppy sí. Ó lè jẹ́ pé floppy tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀ ló ń dí i lọ́nà.

Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1999 sí 2007, ọ̀pọ̀ ló ní capacitor tí ò dáa. Àwọn wọ̀nyí dà bí agolo kéékèèké lórí motherboard. Orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá wú bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà yó, tàbí tí nǹkan ń jò lára ẹ̀, ẹ ti rí ibi tí ìjà wà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òjé jó nǹkan mọ́ra, irú àwọn tó ń tún rédíò ṣe, lè bá yín pààrọ̀ ẹ̀.

IBI TÍ ẸRÙ WÀ GAN-AN

Ká wá ní gbogbo èyí ò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Fọ́tò àti ìwé ilẹ̀ ò sí lórí motherboard, wọn ò sì sí nínú RAM. Inú hard disk ni wọ́n wà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi súkúrù dè mọ́ inú àpótí. Motherboard lè jóná kí nǹkan kan má ṣe hard disk. Wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n fi wáyà tó ń so ó mọ́ USB gbé e sára kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n sì kó gbogbo ẹrù jáde. Kẹ́ ẹ tó ra wáyà náà, ẹ wo ẹ̀yìn hard disk: èyí tí wáyà ẹ̀ fẹ̀ bíi ríbọ́ọ̀nù, IDE ni, tín-ín-rín sì ni SATA. Àmọ́ bí hard disk bá ń dún "kọ́, kọ́, kọ́", ẹ pa á kíá, ẹ má ṣe tún tàn án. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún tàn án lẹrù inú ẹ̀ ń bàjẹ́ sí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni kẹ́ ẹ gbé e tọ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ jíjókòó tì í yìí kì í ṣe àwàdà. Lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó wá wo àlòkù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó wọlé. Wọ́n ra àwọn hard disk àlòkù, wọ́n yẹ inú wọn wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ńbẹ̀. Àwọn yẹn rò pé àwọn ti ju pàǹtí nù ni. Ẹ sì má rò pé tẹ́ ẹ bá ti "delete" ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, nítorí ẹni tó bá mọ ọ̀nà ẹ̀ ṣì lè hú u jáde.

Nítorí náà, bí ọlọ́mọlanke bá dé lọ́la, ẹ lè ta àpótí fún un, ẹ lè fún un ní mọ́nítọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e lé e lọ́wọ́, ẹ yọ hard disk, kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni ìwé ilẹ̀ ọ̀hún.