Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàbúrì Bíòbákú àti Ìtàn Àwọn Baba Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, a fẹ́ bi yín léèrè: ta ni yóò sọ fún àwọn ọmọ yín bí a ti tẹ àdúgbò yín dó? Ariwo ọkọ̀ àti ti ọjà kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn àgbà mọ́, àwọn àgbà Àwórì tí wọ́n gba ìtàn Ìsọlọ̀ láti ẹnu baba wọn sì ń dínkù lọ́dọọdún. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nítorí náà ni a ṣe rántí ọkùnrin kan tí ó kọ́ wa bí a ti í wo ẹ̀yìn.

Ní Abẹ́òkúta ni a bí Sàbúrì Bíòbákú ní 1918. Mùsùlùmí ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Ogbè ni ó ti kọ́kọ́ kàwé. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Yábàá, ó ré òkun kọjá lọ sí Cambridge. Yunifásítì London sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1951.

Ní 1957 ni ìwé rẹ̀ jáde, lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn láti 1842 dé 1872. Nínú rẹ̀ ó fi ìwé àwọn míṣọ́nnárì àti ti ìjọba yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà wò, ó sì fi ọ̀rọ̀ àgbà yẹ ìwé wò. Kò gbà pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbà pé àgbà kì í ṣì sọ.

Òun ni olùdarí ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá tí a dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Lẹ́yìn náà, ó darí ilé ìwádìí nípa ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1965 a fi í ṣe olórí Yunifásítì Èkó, ní ipò Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé ọ̀ràn ẹ̀yà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sì gún un lọ́bẹ. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1973 ó ṣe olóòtú ìwé kan lórí orísun ìtàn Yorùbá, nínú èyí tí ifá, oríkì àti ohun tí a wú nínú ilẹ̀ gbé jẹ́rìí. Ó kú ní 2001.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ní Èkó ni ó dúró lórí ìtàn ẹnu. Nítorí náà, ẹ mú ìwé àti kálámù, ẹ tọ àwọn bàbá àti ìyá àgbà lọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ìdílé méjì bá sì sọ ọ́ lọ́nà méjì, ẹ kọ méjèèjì láìfi ìkankan pamọ́. Ẹni tí kò bá kọ ìtàn baba rẹ̀, ẹlòmíràn yóò bá a kọ ọ́ bí ó ti wù ú.